Ẹ Jẹ́ Kí Á Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ẹnu Rẹ̀ Ná

Ẹ̀yin tí ẹ ti san owó ìfowópamọ́ yín, ẹ kú ìgbìyànjú. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì san án, ẹ rántí pé akọ̀wé kì í sùn.

Lóṣù yìí, fọ́ọ̀mù tuntun ti ń wọlé lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn kan fún yín, ìtàn eré ìdárayá orí yìnyín. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. A mọ̀ pé yìnyín tí àwa mọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ni èyí tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń tọ́jú ẹja kí ó má bàa bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Ní oṣù kejì ọdún 2018, ní PyeongChang ní ilẹ̀ Kòríà Gúúsù, Nàìjíríà kópa nínú eré Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù fún ìgbà àkọ́kọ́. Obìnrin mẹ́rin ló lọ: Ṣeun Adígún, Ngozi Onwumere, Akuoma Omeoga àti Simidélé Adéagbo. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ bobsled àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ọkọ̀ kan ni wọ́n máa ń tì, wọ́n á fò sínú rẹ̀, yóò sì máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà oníyìnyín. Simidélé ní tirẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí irin pẹlẹbẹ kan, orí rẹ̀ ló ṣáájú, ó ń yọ̀ lọ bí ẹja tó bọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́ja.

Ohun tó wọ̀ wá lójú jù ni pé Ṣeun fúnra rẹ̀ ló fi pákó kan ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́ ní Houston, ní Amẹ́ríkà, níbi tí kò sí yìnyín. Àwọn èèyàn sì dá owó fún wọn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pé 75,000 dọ́là. Àjọ nìyẹn, ẹ̀yin ará! Àwa tí a ń dáwó lóṣooṣù mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Nítorí náà, lẹ́yìn ìpàdé wa ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù náà, a kò tú ká. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ti gba ọ̀nà Ìtòkín wá bá wa ní Ìkòròdú. Ìyá kan nínú wa tí ọmọ rẹ̀ ń gbé Amẹ́ríkà gba fídíò eré náà sórí fóònù, a sì so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ipò ogún ni ọkọ̀ àwọn ọmọ wa wà, àwọn ló gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Simidélé, ipò ogún nínú ogún. Síbẹ̀ a pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ẹni tó dé ibi tí ẹnìkan kò dé rí kò gbẹ̀yìn lójú tiwa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Fídíò náà kò dúró. Ó bọ́ sórí eré àwọn tó ń fi bàtà onírin jó lórí yìnyín, àwòrán àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé eré náà sì yọ. Ọ̀kan jẹ́ obìnrin, Tara Lipinski. Èkejì jẹ́ ọkùnrin, Johnny Weir. Ọkùnrin yìí gbé irun rẹ̀ sókè gogoro, ẹ̀wù rẹ̀ ń kọ mànà bí i ti ìyàwó ojú ọ̀nà, ó kun ojú, ó sì fi ohun ọ̀ṣọ́ sí àyà. Ariwo ta! Ẹnìkan ní, "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Òmíràn ní, "Ẹ bá wa pa nǹkan yìí jàre, àwọn ọmọ wà níbí." Àwa akọ̀wé náà wà lára àwọn tó pòṣé. A ti ń na ọwọ́ sí i láti pa á.

Bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wa, tí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ló dá wa dúró. Wọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ta lọmọ tó ń sọ̀rọ̀ yìí? Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀." A ní, "Bàbá, ẹ kò rí bó ṣe múra ni." Wọ́n ní, "Ṣé aṣọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ ni?"

Kẹ́kẹ́ pa. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ eré náà fún wa. Ó ní nínú gbogbo fífò tí wọ́n ń fò lórí yìnyín, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọjú síwájú kí wọ́n tó fò, Axel ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń balẹ̀, nítorí náà ìdajì òyì máa ń lé e. Ẹni tó bá fò ó ní ìlọ́po mẹ́ta ti yí po mẹ́ta àti ààbọ̀ lójú òfúrufú. Ní PyeongChang yẹn ni Mirai Nagasu ti di obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó fò ó bẹ́ẹ̀ ní Òlíḿpíìkì. Nígbà tí a mọ ìyẹn, eré tó jọ ijó lásán tẹ́lẹ̀ di ohun tí a ń di ẹ̀gbẹ́ mú wò.

A wádìí ọkùnrin náà. Johnny Weir kì í ṣe aláìmọ̀kan tó kàn fẹ́ kí á wo òun. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ní 2004, 2005 àti 2006, ó sì lọ sí Òlíḿpíìkì lẹ́ẹ̀méjì. Ní Vancouver ní 2010, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ méjì kan ní Kánádà fi ìmúra rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí afẹ́fẹ́, wọ́n sì tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Òun kò ní kí wọ́n lé wọn kúrò níṣẹ́. Ní Sochi ní 2014, òun náà jókòó sí ìdí ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n fi òun àti Tara sí, Tara tó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní 1998 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 15. Àwọn èèyàn fẹ́ràn àlàyé wọn débi pé nígbà tí yóò fi di 2018, àwọn ni wọ́n gbé sípò àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin àgbà inú wa, ṣé ẹ rántí Ernest Okonkwo, tó ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù lórí rédíò, tó kú ní 1990? Òun ló sọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní Mathematical. Ọ̀nà tirẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni, ẹ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ta ni nínú yín ló béèrè irú ẹ̀wù tó wọ̀? Rédíò bo aṣọ mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ló kù.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan láti Ẹ̀pẹ́ kò gbà. Ó ní, "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Àwọn ọmọ wa ńkọ́?" Òótọ́ wà níbẹ̀. Kálukú ló ni òfin ilé rẹ̀, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni kun ojú wá sí ìpàdé. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Yorùbá níbí, ṣé ẹlẹ́gùn Ṣàngó kì í dirun bí obìnrin ni? Ṣé àwọn ìlàrí ọba ní Ọ̀yọ́ kì í fá apá kan orí, kí wọ́n dá apá kejì sí? Àwọn bàbá wa kò pòṣé sí wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n ń wò. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, irun gogoro kò sì sọ èèyàn di ẹni yẹpẹrẹ.

Ẹ jẹ́ kí á wá jẹ́wọ́ tiwa. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017 ni fọ́ọ̀mù ọ̀dọ́kùnrin kan ti wà lábẹ́ ìwé lórí tábìlì wa. Ó ń tún fóònù ṣe. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì dúró fún un, owó ìwọlé rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n ó dirun, ó sì wọ yẹtí. Àwa la fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fọ́ọ̀mù náà pé, "Ẹ dúró ná."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, a fa fọ́ọ̀mù náà yọ, a sì wá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dìde kí wa dáadáa, ó fún wa ní àga. Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀yin bàbá, mo ti wà ní ẹgbẹ́ mìíràn láti oṣù kìíní." Wọ́n ti yá a lówó, ó ti ra irinṣẹ́, ó sì ń san án pada déédéé. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. A dákẹ́, a padà sílé. A ti pàdánù ẹni tó ń san gbèsè rẹ̀ nítorí irun.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ ń béèrè lórí fọ́ọ̀mù: Kí ni iṣẹ́ rẹ? Ta ni yóò dúró fún ọ? Èló ni o lè máa san lóṣù? A kò béèrè irun, a kò béèrè yẹtí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹ bá mú ọmọ yín tàbí aládùúgbò yín wá lóṣù yìí, ẹ má sọ pé kí ó kọ́kọ́ lọ fárí. Ẹ sọ fún un pé kí ó mú àwọn onídùúró méjì dání. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.