Má Ṣe Fi Kókó Ọyàn Ṣe Àṣírí

Ìwọ ìyàwó ilé, ìwọ abiyamọ tí ó ń ka ìwé yìí, mo ní ọ̀rọ̀ kan í bá ọ sọ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa kì í fẹ́ sọ síta. Bí o bá ń wẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọwọ́ rẹ kan kókó nínú ọyàn rẹ, kí ni ìwọ yóò ṣe? Púpọ̀ nínú wa ni yóò dákẹ́. Ọ̀kan yóò ní wàrà ọmọ ni ó dì. Èkejì yóò ní ayé ni ó ń ṣe òun. Ẹ̀kẹta yóò máa bẹ̀rù pé bí ọkọ òun bá gbọ́, yóò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù yóò máa gorí oṣù. Àìtètè mólè, olè a sì máa mú olóko.

Lóòótọ́, púpọ̀ jù lọ nínú kókó ọyàn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Dókítà ni yóò fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, mọ bí ọyàn rẹ ti rí. Nígbà tí nǹkan oṣù rẹ bá ti parí, dúró níwájú dígí. Ǹjẹ́ awọ ibẹ̀ rí bí èèpo ọsàn? Ǹjẹ́ orí ọyàn wọ inú lọ? Ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ ń yọ níbẹ̀? Tẹ abíyá rẹ wò pẹ̀lú. Jẹjẹrẹ kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí àìdunni rẹ̀ tàn ọ́ jẹ.

Má sì ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ Nàìjíríà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kí ó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago, wà lára àwọn tí ó fi yé wa pé jẹjẹrẹ ọyàn a máa mú àwọn obìnrin ilẹ̀ wa nígbà tí wọ́n ṣì kéré lọ́jọ́ orí.

ẸNU ILÉ-ỌMỌ

Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ní ohun tí ń fà á: kòkòrò àìfojúrí kan tí à ń pè ní HPV, tí a ń kó nípa ìbálòpọ̀. Harald zur Hausen, ará Jámánì tí ó tú àṣírí yìí, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008. Kòkòrò náà wọ́pọ̀ gan-an, ara a sì sábà lé e lọ. Nítorí náà, kì í ṣe àmì ìṣekúṣe; kí ọkọ má ṣe fi bú aya rẹ̀. Bí ó bá jókòó pẹ́ ni ó ń di ewu, ó sì lè gba ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó di jẹjẹrẹ. Àǹfààní wa nìyẹn. Nọ́ọ̀sì lè fi fínígà díẹ̀ kan ẹnu ilé-ọmọ. Ibi tí kò dára yóò funfun, a ó sì tọ́jú rẹ̀ kí ó tó burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ láàárín oṣù tàbí lẹ́yìn ìbálòpọ̀, má ṣe dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò.

Ọmọbìnrin rẹ ńkọ́? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà fi àjẹsára HPV kún èyí tí ó ń fún àwọn ọmọ, fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Irọ́ ni pé ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn.

BÍ Ó BÁ JẸ́ JẸJẸRẸ

Ìtọ́jú ń bẹ: iṣẹ́ abẹ, oògùn tí à ń fà sínú iṣan, àti ìtànṣán. Òmíràn ni oògùn oníhóró tí aláìsàn yóò máa lò lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀. Oògùn inú iṣan lè mú kí irun re, kí èébì sì máa gbé ni. Gèlè yóò bo orí, irun yóò sì hù padà. Bí o bá ṣì fẹ́ bímọ, sọ fún dókítà kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, nítorí òmíràn nínú oògùn wọ̀nyí lè ṣèdíwọ́. Bí apá bá wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, sọ ọ́ pẹ̀lú.

Owó ìtọ́jú kò kéré, kí ẹbí pawọ́ pọ̀. Kí a má ṣe pa á tì ní agbede méjì. Gbàdúrà, ó dára, ṣùgbọ́n má ṣe fi àgbo tàbí ààwẹ̀ dí ọ̀nà ilé ìwòsàn. Mú ọkọ rẹ lọ́wọ́ lọ, kí òun náà gbọ́ ti ẹnu dókítà. Obìnrin tí a gé ọyàn rẹ̀, obìnrin ni síbẹ̀. Ìyá ọmọ ni, aya ni.

Igi gànyìn-gànyìn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí oṣù yìí tó parí, lọ ṣe àyẹ̀wò rẹ, kí o sì mú aládùúgbò rẹ kan dání.