Ṣé Kọfí Lè Rọ́pò Fìlà?

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ àfín dúró lọ́dọ̀ àbókí tó ń ta tíì ní Mọ́kọ́lá, lápá Sábó. Aago mọ́kànlá ti lù, oòrùn ń mú janjan, kò sì dé fìlà.

"Fìlà ẹ dà?"

Ó gbé ife kọfí ẹ̀ sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọfí ń dènà jẹjẹrẹ awọ ara."

Irọ́ kọ́ ló kà o. Àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ìtànṣán UV inú oòrùn máa ń ba DNA awọ wa jẹ́. Tí sẹ́ẹ̀lì bá ti rí ìbàjẹ́ náà, èròjà kan tó ń jẹ́ ATR á dá a dúró kó lè tún ara ẹ̀ ṣe. Káfíìnì, èròjà tó ń lé oorun lọ nínú kọfí, tíì àti obì, máa ń dí ATR yìí lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe á wá kú, kò ní ráyè di jẹjẹrẹ. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà dín agbára ATR kù nínú awọ àwọn eku kan, bíi pé káfíìnì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń tan UV sí wọn lára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 19, kókó tó yọ lára wọn fi ìdá 69 nínú 100 dín sí tàwọn eku yòókù.

Èèyàn ńkọ́? Ní 2012, àwọn olùwádìí ní Boston gbé àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde lórí nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera 112,897 tí wọ́n ti ń tọ́pa wọn fún ohun tó lé ní 20 ọdún. Àwọn obìnrin tó ń mu ju ife kọfí mẹ́ta lọ lójúmọ́ kì í sábà ní basal cell carcinoma tó àwọn tí kì í mu tó ife kan lóṣù: nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ni ewu tiwọn fi dín. Kọfí tí wọ́n ti yọ káfíìnì inú ẹ̀ kò ṣe irú ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rẹ́ mi ò kà dé rèé. Ìwádìí yẹn kan náà ò rí àǹfààní kankan fún squamous cell carcinoma, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló wọ́pọ̀ jù lára àwọn àfín nílẹ̀ Áfíríkà. Òyìnbó ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tán nínú àwọn tí wọ́n wò. Àti pé, tí nǹkan méjì bá jọ ń rìn, kò fi dandan jẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì.

Àfín ò ní mẹ́láníìnì tó lè gba ìyà oòrùn fún un. Fìlà tétí ẹ̀ fẹ̀, aṣọ alápá gígùn, ìpara tó ń dènà oòrùn (SPF 30 sókè) àti ibòji ló máa gbà á. Tí egbò kan bá sì wà lára tó kọ̀ tí ò jinná, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ, kì í ṣe ìdí kọfí.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Kò dáhùn. Ó kàn gbé ife ẹ̀, ó sún wọ abẹ́ agboòrùn àbókí. Lọ́jọ́ kejì, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: kọfí lọ́wọ́, fìlà lórí.

Ẹ mu kọfí yín o. Àmọ́ ẹ dé fìlà.