Kọ́lájìn: Okùn Onífọ́nrán Mẹ́ta Inú Ara

Kọ́lájìn ni purotéènì tó pọ̀ jù lọ nínú ara ènìyàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 30 nínú 100 gbogbo purotéènì ara. Òun ló so awọ, eegun àti iṣan tó de ẹran mọ́ eegun ró.

Ìhun rẹ̀ dà bí okùn tí a fi fọ́nrán mẹ́ta lọ́ pọ̀. Ní 1954 ni G. N. Ramachandran àti Gopinath Kartha, ní Madras ní ilẹ̀ Íńdíà, dábàá fọ́nrán mẹ́ta yìí. Lórí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, gíláísììnì ló ń gba ipò kẹta-kẹta, nítorí òun ló kéré jù nínú àwọn ásíìdì àmínò. Èyí tó bá tóbi jù ú lọ kò lè gba àárín okùn náà. Bí òmíràn bá gba ipò rẹ̀, okùn lè dẹ̀, eegun ọmọ a sì máa tètè kán. Fítámì C ni ara sì ń lò láti mú okùn náà dúró gírí. Àìtó rẹ̀ ló ń mú kí èrìgì máa ṣẹ̀jẹ̀.

Pọ̀nmọ́, tí í ṣe awọ màlúù, kún fún kọ́lájìn. Bí a bá sè é pẹ́, fọ́nrán rẹ̀ a tú. Ìdí nìyẹn tí omi ẹsẹ̀ màlúù fi ń dì bó bá tutù. Àwọn olùkọ́ kan ń kọ́ni pé pọ̀nmọ́ kò ní èròjà kankan. Àsọdùn ni. Purotéènì wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò ní tíríptófáànì, èyí tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kò lè rọ́pò ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà nínú oúnjẹ ọmọdé.