LÍLO ỌRỌ̀ ÀTI Ẹ̀BÙN FÚN ÌRÀNLỌ́WỌ́ ÀWỌN ALÁÌNÍ

Bí a bá ní kí o ṣàlàyé bí ó ti yẹ kí Kristẹni lo ọrọ̀ àti ẹ̀bùn rẹ̀ fún aláìní, má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn olówó ìlú. Ọgbọ́n orí ń bẹ nínú ọrọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ń bẹ níbẹ̀, àkókò pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni Dọ́káàsì ará Jópà ní. Nígbà tí ó kú, ẹ̀wù tí ó rán ni àwọn opó kó síta, tí wọ́n ń fi han Pétérù tẹkúntẹkún.

Àpẹẹrẹ kan ń bẹ nítòsí wa ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Owó tí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dá jọ ni a fi ran ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà lọ́wọ́. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn ni a sì fi sọ ọ́. Ní 1956, dókítà òyìnbó kan, David Morley, ọmọ àlùfáà, dé síbẹ̀. Ìmọ̀ nípa àìsàn ọmọdé ni ẹ̀bùn tí ó gbé wá. Ó rí i pé ikú ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Kò jókòó sí Iléṣà kí àwọn ìyá máa wá a kiri. Ó gbé iṣẹ́ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti tọ́jú àwọn àìsàn tí ó wọ́pọ̀, kí ìyá ọmọ má baà máa dúró de dókítà. Wọn a wọn ọmọ, wọn a sì fi àmì ìwọ̀n rẹ̀ sí orí káàdì kan. Bí ìlà orí káàdì bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá dúró sójú kan, ebi tàbí àìsàn ti wọlé, bí ojú kò tilẹ̀ tíì rí i. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń wà. Morley kúrò ní 1961, ṣùgbọ́n irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀. Lójú tèmi, káàdì pẹlẹbẹ yìí níyì ju ọ̀pọ̀ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí a kọ orúkọ olówó sí lára lọ.

Ta wá ni aláìní? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Àwọn Júù àti àwọn ará Samáríà kì í bá ara wọn ṣe, síbẹ̀ ará Samáríà kò béèrè ìlú ẹni tí ó bá nílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwọ tí o ń gbé Ìlobù tàbí Ìfọ́n, o mọ ohun tí ìjà ilẹ̀ oṣù kìn-ín-ní 2025 ṣe. Opó tí ilé rẹ̀ jóná kò mọ ibi tí ààlà gbà. Bí o bá mọ ìṣirò, tí o fẹ́ kọ́ ọmọ irú opó bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, má béèrè ìhà tí wọ́n bí i sí.

Ṣàkíyèsí pé ará Samáríà náà san owó fún onílé èrò, ó sì ṣèlérí pé òun yóò padà wá san ìyókù. Ìrẹsì ọjọ́ Kérésìmesì nìkan kò tó. Nínú ìdáhùn tìrẹ, dárúkọ ohun kan tí ìwọ fúnra rẹ mọ̀ ọ́n ṣe, àdúgbò tí o ti lè ṣe é, àti ọjọ́ tí o máa padà lọ.