Bí Ọlọ́jà Bá Ṣi Iye Owó Ọkọ̀ Kọ, Ta Ni Yóò San Àfikún?

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Kútọnu lọ sí Sèmè-Kpodji yóò rí pápá ńlá ńlá tí wọ́n to ọkọ̀ sí lọ súà. Ọkọ̀ tí wọ́n ti lò rí ní òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn. Ojú omi ni wọ́n gbà dé èbúté Kútọnu. Tẹ́lẹ̀ rí, Nàìjíríà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọ ìlú rẹ̀. Síbẹ̀, ọjà náà kò kú. Àgbẹ̀, oníṣòwò àti awakọ̀ láti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pọ́bẹ̀ àti Àjàṣẹ́ ń lọ síbẹ̀ láti ra ọkọ̀.

Owó ńlá ni ó ń yí ọwọ́ padà nínú ọjà yìí. Ẹnu ni wọ́n fi ń ná an, ìwé kékeré kan ni wọ́n sì fi ń parí rẹ̀. Níbi tí owó ńlá bá ti pàdé ìwé kékeré, àṣìṣe kò ní ṣàìwáyé.

Àpẹẹrẹ kan nìyí. Àgbẹ̀ kan ní Kétu ń fẹ́ ọkọ̀ tí yóò máa kó àgbàdo rẹ̀ kúrò lóko. Ó ti fi ọdún mẹ́ta kó owó jọ. Ìyàwó rẹ̀ náà dá sí i láti inú owó èsúsú rẹ̀. Ó dé Kútọnu, ó rí ọkọ̀ kan tí wọ́n kọ 2.950.000 sẹ́fà sí ara gíláàsì rẹ̀. Ó ná an. Òun àti ọlọ́jà fi ẹnu kò sí 2.850.000 sẹ́fà. Ó ka owó náà sórí tábìlì. Ọlọ́jà tún un kà, ó gbà á, ó kọ ìwé ẹ̀rí fún un. Ó ní ìwé ọkọ̀ yóò jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àgbẹ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀ relé.

Ní ọjọ́ kẹrin, tẹlifóònù rẹ̀ dún.

“Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú o. Ọmọ iṣẹ́ wa ló ṣi iye ọkọ̀ yẹn kọ. 3.350.000 ló yẹ kó kọ sí i, 2.950.000 ló kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi 400.000 tó kù ránṣẹ́.”

“Àlàájì, ṣebí ẹ̀yin fúnra yín lẹ gba owó lọ́wọ́ mi?”

“Èmi ni, bàbá. Mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn ni. Ṣùgbọ́n bí owó náà kò bá dé, ìwé ọkọ̀ kò ní lè jáde.”

Ṣé ó yẹ kí bàbá yìí san 400.000 sẹ́fà? Bí ó bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé, èrò wọn yóò pín sí méjì. Àwọn kan yóò ní kí ó san án, nítorí pé kò dára kí ènìyàn jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní ẹyin lọ̀rọ̀: bí ó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ọ̀nà méjèèjì ní òótọ́ nínú. Irú àṣìṣe tí ó ṣẹlẹ̀ ni ó ń sọ ẹni tí yóò ru ẹrù rẹ̀.

Ohun tí òfin sọ

Ìwé òfin tí ó ń darí rírà àti títà láàrin ará ìlú ní Benin ni èyí tí wọ́n ń pè ní Code civil. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti gbé e jáde ní ọdún 1804. Ìjọba amúnisìn ni ó mú un wá, wọ́n sì ń lò ó lẹ́yìn òmìnira.

Ẹsẹ 1583 nínú ìwé náà sọ pé ọjà ti di títà ní kété tí olùtà àti olùrà bá ti fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n ń tà àti lórí iye rẹ̀. Ìbáà ṣe pé ọkọ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀, ìbáà ṣe pé owó kò tíì wọlé, ọjà ti di títà. Ẹsẹ 1134 sọ pé àdéhùn tí a bá ṣe bí ó ti tọ́ di òfin fún àwọn tí ó ṣe é. Ẹnìkan nínú wọn kò lè dá a yí padà. Ẹsẹ kan náà sì fi kún un pé ọkàn òtítọ́ ni kí wọ́n fi mú àdéhùn ṣẹ.

Bí olùtà àti olùrà bá jẹ́ oníṣòwò méjèèjì, tí ọjà náà sì jẹ́ ti iṣẹ́ òwò wọn, òfin OHADA ni ó ń darí wọn. Orílẹ̀-èdè 17 ni ó wà nínú OHADA, Benin àti Togo wà lára wọn. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ìfohùnṣọ̀kan ni ìpìlẹ̀ ọjà.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni adájọ́ yóò kọ́kọ́ béèrè. Iye wo ni àwọn méjèèjì jọ gbà? Ṣé ọkàn òtítọ́ ni olúkúlùkù fi gbà á?

Ọlọ́jà tí ó ṣi èrè rẹ̀ rò

Irú àṣìṣe àkọ́kọ́ ni ti ọlọ́jà tí kò ṣírò dáadáa. Bóyá ó gbàgbé owó oníbodè, èyí tí wọ́n ń pè ní dùwáànì. Bóyá ó gbàgbé owó tí ó san ní èbúté. Ó ta ọkọ̀ tán kí ó tó rí i pé òun kò jèrè.

Olùrà kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Ìṣirò èrè jẹ́ iṣẹ́ ọlọ́jà. Ẹsẹ 1110 nínú Code civil kò jẹ́ kí gbogbo àṣìṣe tú ọjà ká, bí kò ṣe èyí tí ó bá kan kókó ohun tí wọ́n rà gan-an. Ẹni tí ó ta ohun rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kò lè fi ìyẹn nìkan gba ọjà padà.

Ilẹ̀ àti ilé ni òfin yà sọ́tọ̀. Ẹsẹ 1674 sọ pé ẹni tí ó bá ta ilẹ̀ tàbí ilé, tí ó sì pàdánù ju ìdá méje nínú méjìlá iye rẹ̀ lọ, lè béèrè pé kí wọ́n tú ọjà náà ká. Ọkọ̀ kò sí nínú èyí.

Iye tí wọ́n ṣì kọ, tí olùrà kò mọ̀

Irú àṣìṣe kejì ni ti iye tí wọ́n ṣì kọ sára ọjà. Olùrà rí i, ó gbà pé òótọ́ ni, ó sì san owó.

Irú ọ̀rọ̀ yìí dé ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1995. Òrùka olówó iyebíye ni wọ́n tà nígbà náà. Iye tí wọ́n kọ sí i kéré púpọ̀ sí iye tí ilé ìtajà ní lọ́kàn. Ilé ìtajà pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó pàdánù. Owó tí olùrà san kéré lóòótọ́, síbẹ̀ kì í ṣe owó ẹ̀gàn. Àṣìṣe náà sì ti ọwọ́ ilé ìtajà fúnra rẹ̀ wá. Ìdájọ́ Faransé kò de adájọ́ Benin lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìwé òfin kan náà ni orísun wọn, àwọn amòfin a máa wo irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìtọ́sọ́nà.

Òdo tí ó sọnù

Irú àṣìṣe kẹta yàtọ̀ pátápátá. Ká ní 285.000 sẹ́fà ni wọ́n kọ sára ọkọ̀ tí iye rẹ̀ jẹ́ 2.850.000 sẹ́fà. Òdo kan ṣoṣo ni ó sọnù, ṣùgbọ́n owó ti dín ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ta ni kò mọ̀ pé wọn kì í ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní iye yẹn? Àwọn ọkọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń jẹ́rìí.

Níhìn-ín, àwọn amòfin sọ pé kò sí ìfohùnṣọ̀kan rárá. Ohun tí ó wà lọ́kàn olùtà kọ́ ni ó wà lọ́kàn olùrà. Àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń fi kọ́ni ni ti ọdún 1960, nígbà tí ilẹ̀ Faransé yí owó rẹ̀ padà, tí 100 owó àtijọ́ di ẹyọ owó tuntun kan. Bí ẹnìkan bá fi owó àtijọ́ dárúkọ iye, tí ẹnìkejì fi owó tuntun gbọ́ ọ, wọn kò tíì dúnàádúrà lórí ohun kan náà.

Olùrà tí ó rí irú òdo bẹ́ẹ̀, tí ó sáré ka owó sílẹ̀ kí ọlọ́jà tó là jú, kò lè sọ pé ọkàn òtítọ́ ni òun fi rà á. Bí wọ́n bá tú ọjà náà ká, olùrà yóò dá ọkọ̀ padà, olùtà yóò sì dá owó rẹ̀ padà pé pérépéré.

Ìwé tí kò bá ẹnu mu

Irú kẹrin ni ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn tí ń san owó díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti fi ẹnu kò sí 2.850.000 sẹ́fà. Olùrà san 1.000.000 sílẹ̀. Ẹni tí ó kọ ìwé kọ ọ́ pé ó ku 1.550.000. Ìṣirò náà kò tọ̀nà, nítorí pé 1.850.000 ni ó kù.

Níhìn-ín, ó yẹ kí olùrà san gbogbo owó náà. Iye tí àwọn méjèèjì jọ gbà kò yí padà. Ìyọkúrò nìkan ni wọ́n ṣì ṣe, kò sì sí ẹni tí ó fi 300.000 sẹ́fà ta olùrà lọ́rẹ.

Òfin kan náà dáàbò bo olùrà pẹ̀lú. Ẹsẹ 1376 sọ pé ẹni tí ó bá gba ohun tí kò tọ́ sí i gbọ́dọ̀ dá a padà, ìbáà mọ̀ tàbí kò mọ̀. Bí olùrà bá ka owó lé, ọlọ́jà gbọ́dọ̀ dá èlé náà padà fún un. Bí ọlọ́jà bá fún un ní ṣéńjì tí ó pọ̀ jù, òun náà gbọ́dọ̀ dá a padà.

Bàbá Kétu ńkọ́?

Irú àṣìṣe kejì ni ti bàbá yìí. 2.950.000 ni ó rí lára ọkọ̀. Ó ná an bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ná ọjà. Iye tí ó san kò jìnnà sí iye tí ọlọ́jà ń fẹ́ débi tí ojú rẹ̀ yóò fi là. Ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ni ó gbà á, tí ó sì ka owó. Nítorí náà, kò jẹ gbèsè 400.000 sẹ́fà.

Ti ìwé ọkọ̀ ńkọ́? Ọlọ́jà kò ní ẹ̀tọ́ láti dì í mú. Ẹsẹ 1615 sọ pé ẹni tí ó ta nǹkan gbọ́dọ̀ fi gbogbo ohun tí ó so mọ́ ọn lé olùrà lọ́wọ́. Ọkọ̀ tí kò ní ìwé kò ṣeé gbé sójú títì láìbẹ̀rù ọlọ́pàá. Ẹni tí ó bá di ìwé mú kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ iṣẹ́ bá ti sọ fún bàbá kí wọ́n tó ná an pé 3.350.000 ni iye ọkọ̀, tí ó sì dákẹ́ nítorí pé ó rí iye mìíràn lára gíláàsì, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tí ó mọ̀ tí ó dákẹ́ kò lè dúró ṣinṣin níwájú adájọ́, kò sì lè dúró ṣinṣin níwájú ọkàn ara rẹ̀.

Ọlọ́jà lè bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe gbèsè. Bí bàbá bá fẹ́, ó lè fi díẹ̀ kún un. Bí àwọn méjèèjì bá gbà, wọ́n lè tú ọjà ká, kí ọlọ́jà dá gbogbo owó padà pẹ̀lú ìnáwó ìrìn àjò bàbá. Ó dára kí wọ́n jókòó níwájú àgbà kan tí àwọn méjèèjì bọ̀wọ̀ fún kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú adájọ́. A kì í ti ilé-ẹjọ́ bọ̀ ká tún ṣọ̀rẹ́.

Kí ọjọ́ ọjà tó dé

Ẹni tí ó mọ ìwé kà ní ohun ìjà lọ́wọ́. Kí ó lò ó.

Kí ó ka iye owó náà fúnra rẹ̀, kí ó sì ka òdo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òdo mẹ́fà ni ó ń tẹ̀lé 1 nínú mílíọ̀nù kan.

Kí ó béèrè bí dùwáànì àti ìwé ọkọ̀ bá wà nínú iye náà. Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Kí wọ́n kọ iye náà lẹ́ẹ̀mejì, ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀. Òdo kan lè sọnù nínú nọ́ńbà, ṣùgbọ́n “mílíọ̀nù méjì” kò lè di ohun mìíràn.

Kí wọ́n kọ ọjọ́, orúkọ àwọn méjèèjì àti nọ́ńbà tí ó wà lára irin ọkọ̀. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí olúkúlùkù mú ẹyọ kan lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ ìka sí ìwé tí kò tíì kà tàbí tí wọn kò tíì kà fún un.

Bí ó bá sì rí àṣìṣe tí ọlọ́jà kò rí, kí ó sọ ọ́ kí owó tó yí ọwọ́ padà. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ra èké. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú òótọ́ kì í fò nígbà tí tẹlifóònù rẹ̀ bá dún.