“Gainsay” àti “Contradict”: Èwo Là Ń Lò?

Ẹni tó bá ti jókòó síbi àpérò ní Nàìjíríà rí á ti gbọ́ ọ. Olùsọ̀rọ̀ á dìde, á tún agbádá ṣe, á ní “there is no gainsaying the fact that…” Kó tó mú ẹ̀rí kankan jáde, ó ti dí gbogbo wa lẹ́nu. Nígbà mìíràn, “it is no gainsaying” ló máa sọ, èyí tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó tọ́, àmọ́ àtẹ́wọ́ á ṣì dún.

Tí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, “say” ni sísọ. “Gain” tó ṣáájú kò bá èrè tan rárá, bí wọ́n tilẹ̀ ń kọ méjèèjì bákan náà. Inú “gegn” ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ló ti wá, òdì sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìbátan “against” ni, ó tún jẹ́ ìbátan “gegen” àwọn ará Jámánì. Láti nǹkan bí ọdún 1300 ni “gainsay” ti wà nínú ìwé. “Contradict” ńkọ́? Èdè Látìnì ló ti wá: “contra” ni òdì, “dicere” ni sísọ. Ohun kan náà gan-an! Àfi pé ọ̀rúndún 16 ni èyí tó wọlé.

Àlejò tó pẹ́ kó tó dé yìí ló wá gba oko lọ́wọ́ onílé. Ẹ wo Lúùkù 21:15. “Gainsay” ni Bíbélì King James ti 1611 lò níbẹ̀. NIV, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1978, fi “contradict” rọ́pò rẹ̀.

Lóde òní, iṣẹ́ wọn ti yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí méjì lè má bára mu ní kóòtù, ìwé ìṣirò lè tako ohun tí akọ̀wé sọ, èèyàn sì lè sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kó fẹnu ara rẹ̀ já a nírọ́ lálẹ́. “Contradict” gba gbogbo wọn. “Gainsay” ò lè rìn débẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́, àfi tí “no” tàbí “cannot” bá ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá fún àtakò, ibi tí wọ́n bá ti ń sọ pé àtakò ò sí nìkan ló kù sí.

Takò tiwa ò dọ́gba pẹ̀lú èyíkéyìí nínú wọn, nítorí kò sí sísọ nínú rẹ̀. “Kò” ti ẹni tó pàdé èèyàn ni: mo kò ó lọ́nà. Èèyàn lè takò láìlanu, kó kàn dìbò fún ẹlòmíràn. Jiyàn ló sún mọ́ “gainsay” jù.

Ní tèmi, “contradict” ni kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú. “Gainsay” kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú. Lẹ́yìn tí ẹ̀rí bá ti pé, ó dùn ún kà. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn wa ń gbé e sí ló ń bí mi nínú. Ẹ̀yin olùsọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ẹ̀rí sílẹ̀ ná, kí ẹ tó sọ fún wa pé kò sí iyàn níbẹ̀.