"Pupa" Wo Ni? Ọ̀rọ̀ Àwọ̀ àti Yíyan Wáyà Tẹlifíṣọ̀n ní Glazoué

1. Ìṣòro

Nígbà tí mo ń gba ohùn àwọn àgbà Ìdáàṣà sílẹ̀ ní Glazoué, mo ṣèlérí fún bàbá tó gbà mí sílé pé kí n tó lọ, gbogbo ilé yóò wo fídíò náà, wọn yóò sì bá mi yẹ àdàkọ mi wò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ilé kún. Mo sọ fún ọmọ ilé kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa pé: "Ki funfun bọ funfun, kí o sì ki pupa bọ pupa." Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán kò jáde. Tẹlifíṣọ̀n kàn ń kùn bí oyin.

2. Àlàyé

Wáyà RCA ní orí mẹ́ta: yẹ́lò ń gbé àwòrán, funfun ń gbé ohùn apá òsì, pupa ń gbé ti ọ̀tún. Ihò wọn rí bákan náà. Àwọ̀ nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Orí pupa méjì àti ihò pupa méjì ni ọmọ náà rí, ó sì gbé ti àwòrán sí ti ohùn. Kò ṣi èdè gbọ́. Dúdú, funfun àti pupa ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ ìpìlẹ̀ wa. A ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ pupa, a sì ń sọ pé pupa ẹyin. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti di yẹ́lò, a ní ó pọ́n. Berlin àti Kay (1969) ṣàlàyé pé nínú èdè tó ní irú ọ̀rọ̀ mẹ́ta bẹ́ẹ̀, yẹ́lò wà lábẹ́ pupa. Èmi tí mo pàṣẹ ni mo ṣàṣìṣe.

3. Ìmọ̀ràn

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ wáyà pè é: "ti àwòrán", "ti ohùn òsì", "ti ohùn ọ̀tún". Ibi tí orí kan bá wọ̀ lára ẹ̀rọ DVD, irú ibẹ̀ ni orí kejì gbọ́dọ̀ wọ̀ lára tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má fi ti ọ̀tún sílẹ̀: bí ohùn olùwádìí bá wà lósì, tí ti abẹ́nà-ìmọ̀ wà lọ́tùn-ún, ìbéèrè nìkan ni wọn yóò gbọ́. Bí ẹ̀rọ méjèèjì bá ní ihò HDMI, òun ni kí ẹ yàn: wáyà kan ń gbé àwòrán àti ohùn, orí rẹ̀ kò sì lè wọ ihò RCA. Bí ọ̀kan bá ní HDMI tí èkejì ní RCA nìkan, wáyà lásán kò tó. Ẹ ó nílò ẹ̀rọ tó ń yí àmì padà.

Mo tún un sọ: "Ti àwòrán sí ti àwòrán." Ìyá àgbà yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Kí ilé tó tú ká, wọ́n ti bá mi tún àmì ohùn ọ̀rọ̀ mẹ́rin ṣe.